Bí A Ṣe Ń Lo Odindi Ọjọ́ Kan ní Knoebels: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ràn Roller Coaster

Bí ẹ bá sọ fún ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà pé ẹ fẹ́ràn roller coaster (kósítà), ọkọ̀ eré tó ń sáré gun òkè tó sì ń já wálẹ̀ lórí ojú irin, àwọn ọgbà eré ńláńlá ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ fún yín: Cedar Point ní Ohio, Hersheypark ní Pennsylvania, àti àwọn Six Flags. Ibi tó dáa ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọgbà kan wà láàárín igbó ní Elysburg, ní Pennsylvania kan náà, tó jẹ́ pé ìdílé kan ṣoṣo ló ni ín láti 1926 títí di òní. A kì í sanwó ká tó wọlé. A kì í sanwó ibi tí a gbé mọ́tò sí. Knoebels ni wọ́n ń pè é. Kósítà onígi kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Phoenix, ó sì ti gba ipò kìíní láàárín gbogbo kósítà onígi nínú ìdìbò Golden Ticket, èyí tí ìwé ìròyìn Amusement Today ń ṣe lórí àwọn ọgbà eré, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó fi àwọn tó ga jù ú lọ ní ìlọ́po méjì sẹ́yìn.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń wá kósítà kiri máa ń fi ojú kéré wo irú ọgbà bẹ́ẹ̀. A ó dé láàárọ̀, a ó gun ohun gbogbo ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sàmì sí ìwé wa pé a ti gùn wọ́n, a ó sì ti wà lójú títì kí ọ̀sán tó pọ́n. Àdánù gbáà ni. Kósítà tó wà ní Knoebels kò pọ̀, àgùntúngùn ni wọ́n. Ọ̀kan náà tí ẹ gùn láàárọ̀ lórí àga iwájú kò ní bá èyí tí ẹ gùn lálẹ́ lórí àga ẹ̀yìn dọ́gba rárá. Torí náà, ọjọ́ kan gbáko ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ sì ṣètò ọjọ́ náà bí mo ṣe fẹ́ là á kalẹ̀ yìí.

1. Ẹ mú ọjọ́ tó yẹ

Ọgbà náà kì í ṣí yípo ọdún. Ìparí oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan sì ni nígbà náà. Tí ooru bá dé, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí. Lẹ́yìn ọjọ́ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, wọ́n á tún padà sí òpin ọ̀sẹ̀ títí di oṣù kẹwàá. Ẹ wo kàlẹ́ńdà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra, torí wákàtí tí wọ́n ń ṣí àti èyí tí wọ́n ń tì kì í ṣe ọ̀kan náà lójoojúmọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú nínú oṣù kẹfà ló dáa jù lójú tèmi. Ọjọ́ Sátidé inú oṣù keje ni kí ẹ sá fún bí ẹ bá lè ṣe é, torí gbogbo agbègbè náà ló ń kó ọmọ wá, pápá ìgbọ́kọ̀sí á kún dé etí igbó. Bí ẹ bá gbọ́ pé òjò yóò fọ́n díẹ̀, ẹ má fagi lé ìrìn àjò yín. Òjò máa ń lé èrò lọ sílé, kósítà onígi sì máa ń yára sí i nígbà tí ojú irin rẹ̀ bá tutù. Àrá nìkan ló ń dá ohun gbogbo dúró, àwọn tó mọ sùúrù tí wọ́n dúró sábẹ́ òrùlé títí tó fi kọjá ló sì máa ń bá ìlà tó kúrú pàdé.

Láti Philadelphia tàbí Baltimore, nǹkan bí wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni. Àwa tí a ń gbé ní Maryland àti New Jersey lè lọ kí a sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀nà oko ni ìparí ìrìn náà, ó gba àárín àwọn òkè tí wọ́n ti ń wa èédú látijọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè má dúró sójú kan. Ẹ fi máàpù náà pamọ́ sórí fóònù yín kí ẹ tó kúrò nílé.

2. Ẹ lóye ètò owó wọn

Èyí ló máa ń da àwọn tó ti mọ́ ọgbà ńlá lára láàmú. Kò sí géètì tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé. Ẹ ó kàn páàkì, ẹ ó rìn gba abẹ́ igi kọjá, ẹ ó sì ti wà nínú ọgbà. Ohun tí ẹ bá gùn nìkan lẹ ó sanwó fún. Ẹ ó ra ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ní ọ̀kan nínú àwọn àpótí ìtajà kéékèèké tó wà káàkiri, iye tí ohun kọ̀ọ̀kan ń gbà sì wà lára pátákó iwájú rẹ̀. Ìwé tó tóbi máa ń ní ẹ̀dínwó díẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí wọ́n máa ń ta àṣẹ odindi ọjọ́, tí ẹ lè fi gùn títí tí ó fi máa sú yín.

Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ gun Phoenix títí ilẹ̀ fi máa ṣú, àṣẹ odindi ọjọ́ ni kí ẹ rà bí ó bá wà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá tẹ̀ lé yín wá, tó jẹ́ pé ẹ̀rù kósítà ń bà á, ìwé tíkẹ́ẹ̀tì kékeré á tó o. Ìyá tó wá láti ilé láti bá yín tọ́jú ọmọ lè jókòó lábẹ́ igi láti àárọ̀ di alẹ́ kí ó máa wo àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ ọgbà kósítà ńlá kankan tí ẹ ti lè mú Màmá lọ lọ́nà yìí láìjẹ́ pé ẹ san iye tí ẹni tó ń gun ohun gbogbo san. Lójú mi, èyí nìkan tó ìdí láti lọ.

3. Ohun tí ẹ ó wọ̀, ohun tí ẹ ó gbé dání

Bàtà tó ní okùn ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹni tó bá wé gèlè tàbí tó dé fìlà kí ó tú u kí ó tó jókòó sórí ọkọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn gígùn, ẹ bọ́ ọ sílé. Ẹni tó ń lo awò ojú kí ó wá okùn tí yóò fi so ó mọ́ orí. Ẹ má ṣe di fóònù mú láti fi ya fídíò lórí ọkọ̀, wọn kì í gbà á láyè, ó sì léwu fún ẹni tó jókòó sẹ́yìn yín ju bó ṣe léwu fún ẹ̀yin fúnra yín lọ. Ẹ fi í sínú àpò tó ní síìpù.

Ẹ lè gbé oúnjẹ wọlé. Tábìlì àti àga onígi wà káàkiri fún àwọn tó gbé kúlà wá, wọn kì í gbowó lórí rẹ̀. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti dòdò tí ẹ dì láti ilé kò sọnù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ikùn fún oúnjẹ tiwọn náà, torí oúnjẹ Knoebels lórúkọ láàárín àwọn ọlọ́gbà eré. Pierogi ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ wò: ìyẹ̀fun tí wọ́n ká ọ̀dùnkún gígún sí nínú, tí wọ́n wá fi bọ́tà àti àlùbọ́sà dín. Àwọn tó wá láti Ìlà-oòrùn Yúróòpù láti wa èédú ní agbègbè yìí ló gbé e wá.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ sọ fún ara yín lótìítọ́ kí ẹ tó kúrò nílé. Aboyún, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò dára, ẹni tí ẹ̀yìn tàbí ọrùn ń yọ lẹ́nu, kósítà onígi kì í ṣe tiwọn. Ó máa ń gbọn ara. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ má ṣe bẹ òṣìṣẹ́ pé kí ó gba ọmọ tí kò tíì ga tó ọ̀pá ìwọ̀n láyè. Ọ̀pá náà wà níbẹ̀ torí irin tó ń dé ènìyàn mọ́ àga kò mú ara kékeré dáadáa.

4. Flying Turns ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ

Bí ẹ bá ti dé, ẹ má ṣe sáré lọ síbi Phoenix, ìlà tirẹ̀ máa ń yára. Flying Turns, kósítà onígi mìíràn, ni kí ẹ kọjú sí, nítorí ọkọ̀ rẹ̀ kéré, ènìyàn díẹ̀ ló ń kó lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó bá sì fi di ọ̀sán, ìlà rẹ̀ á ti gùn ju ti gbogbo ohun yòókù lọ. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dá a dúró, torí náà ẹ má ṣe fi í dọ̀la.

Kò sí irú rẹ̀ mìíràn tó jẹ́ onígi tó ń ṣiṣẹ́ láyé lónìí. Kò ní ojú irin rárá. Kòtò onígi tó tẹ̀ bí ìdajì àgbá, tó sì ga lápá méjèèjì, ni ọkọ̀ náà ń yí gba inú rẹ̀ bọ̀, wíìlì rẹ̀ ń yí lórí pákó lómìnira. Bí ó bá dé ibi tó yí kọ̀rọ̀, ìsáré ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbé e gun ẹ̀gbẹ́ ògiri pákó náà, bí ó bá wúwo á gun òkè púpọ̀, bí ó bá fúyẹ́ kò ní gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń wọn ẹni tó fẹ́ gùn ún kí wọ́n lè pín ènìyàn sórí ọkọ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ má jẹ́ kí ó tì yín lójú, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn nìyẹn.

Norman Bartlett ló dá irú ẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1929, òun pẹ̀lú John Miller tó jẹ́ ọ̀gá nínú kíkọ́ kósítà. Àwọn tí wọ́n kọ́ nígbà náà ti wó tán pátápátá. Ìdílé Knoebel ló pinnu pé àwọn yóò jí i dìde. Ní 2006 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ kò sí láyé mọ́ láti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kọ́, wọ́n tú, wọ́n pààrọ̀ wíìlì, wọ́n tún ọkọ̀ ṣe, oṣù kẹwàá 2013 ni wọ́n tó lè ṣí i fún ará ìlú. Ọgbà tí báńkì àti àwọn onípìn-ín ń darí ì bá ti pa á tì ní ọdún kejì. Bí ẹ bá wà lórí ìlà tí ẹsẹ̀ sì ń dùn yín, ẹ rántí iye ọdún tí wọ́n fi dúró.

5. Phoenix: bí a ṣe ń gùn ún

Ẹ wá gbọ́ dáadáa níbí, torí ìdí tí ẹ fi wá nìyí.

Texas ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ kósítà yìí, nínú ọgbà kan tó ń jẹ́ Playland Park ní San Antonio. Rocket ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Herbert Schmeck ti ilé iṣẹ́ Philadelphia Toboggan Company ló ya àwòrán rẹ̀. Láti nǹkan bí 1948 títí di 1980 tí ọgbà náà kógbá sílé, ó ń sáré. Lẹ́yìn náà igi rẹ̀ dúró lásán nínú oòrùn. Ìdílé Knoebel lọ wò ó, wọ́n rí i pé igi náà ṣì le, wọ́n rà á. Wọ́n tú u, wọ́n sàmì sí àwọn igi rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ti wá, wọ́n fi ọkọ̀ àjàgbé kó o láti Texas dé Pennsylvania, wọ́n sì tò ó padà. Ní 1985 ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, wọ́n wá fún un ní orúkọ ẹyẹ inú ìtàn àtijọ́ tó ń jí dìde láti inú eérú ara rẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 78, gígùn rẹ̀ jẹ́ 3,200, ìsáré rẹ̀ sì jẹ́ máìlì 45 ní wákàtí kan. Bí ẹ bá fi ìṣirò nìkan wò ó, ẹ ó ní kò já mọ́ nǹkan.

Ẹ jókòó. Irin kan ṣoṣo ni yóò sọ̀ kalẹ̀ lé ẹ̀yin àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lórí itan. Ẹ ó rí i pé ó fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti itan yín. Ẹ má bẹ̀rù, bó ṣe rí nìyẹn, àyè yẹn sì ni gbogbo àṣírí náà. Ọ̀pọ̀ ọgbà ti yọ irú irin yìí kúrò, wọ́n ti fi èyí tó ń fún ikùn pinpin rọ́pò rẹ̀. Knoebels dá tiwọn sí.

Ọkọ̀ á kúrò ní ibùdókọ̀, á yí, á sì wọ inú ihò kan tó ṣókùnkùn biribiri. Ẹ kò ní rí ọwọ́ ara yín. Ẹ ó gbọ́ igbe àwọn tó wà níwájú kí ẹ tó mọ ìdí. Nígbà tí ẹ bá jáde, ṣéènì á gbé ọkọ̀ mú, kà-kà-kà-kà, irin kékeré tó ń dènà kí ọkọ̀ má baà yí padà sẹ́yìn ló ń dún bẹ́ẹ̀. Lókè, ẹ ó rí orí igi káàkiri. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ẹ́ńjìnnì mọ́. Ìwúwo ọkọ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ìyàtọ̀ Phoenix wà nínú àwọn gegele rẹ̀. Ọkọ̀ á gun òkè kékeré, ṣùgbọ́n ìsáré rẹ̀ ju ohun tí òkè náà lè gbà lọ, torí náà ojú irin á sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ara yín ṣì fẹ́ máa lọ sókè. Ìdí yín á kúrò lórí àga. Kì í ṣe pé ẹ rò bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí afẹ́fẹ́ láàárín yín àti àga lóòótọ́, irin orí itan ló máa dá yín dúró. Ní ìdajì ìkẹyìn, òkè kéékèèké náà á tò tẹ̀ léra wọn, kí ẹ tó jókòó padà tán ẹ ó tún ti dìde. Níbẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àgbà àti ọmọdé, àní àwọn tó ń ké ní ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí ọkọ̀ náà kò fi fò kúrò lójú irin? Ó ní wíìlì mìíràn lábẹ́ irin, yàtọ̀ sí èyí tó wà lókè àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. John Miller tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1919. Kí ó tó dé, ẹni tó ń kọ́ kósítà kò lè dán irú òkè báyìí wò láì pa ènìyàn.

Bí mo ṣe máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn nìyí. Ẹ kọ́kọ́ gùn ún láàárín ọkọ̀, kí ara yín mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ bọ́ síwájú pátápátá: níbẹ̀ lẹ ó ti rí gbogbo ibi tí ó ń yí sí, afẹ́fẹ́ á sì máa fẹ́ yín lójú. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá lọ sẹ́yìn pátápátá. Ẹ̀yìn ni àgbà àga lórí Phoenix. Nígbà tí iwájú ọkọ̀ bá ti kọjá orí òkè tó sì ti ń já wálẹ̀, ó ń fa ẹ̀yìn lọ pẹ̀lú agbára, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀yin kò tíì dé orí òkè. Ẹ ó kọjá orí òkè náà pẹ̀lú ìsáré tí iwájú kò ní. Àga iwájú àti àga ẹ̀yìn ní ìlà tiwọn nígbà mìíràn. Bí ó bá tiẹ̀ gba pé kí ẹ dúró kí ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ, ẹ dúró.

Ẹ fi ọwọ́ yín sókè bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ tẹ ẹsẹ̀ yín mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ má sì ṣe le ara. Ẹni tó bá le ara gbagidi ni kósítà onígi máa ń lu.

6. Twister àti Impulse

Twister náà jẹ́ onígi, 1999 ni wọ́n ṣí i. Wọ́n gbé e lé Mister Twister tí John Allen kọ́ ní Elitch Gardens ní ìlú Denver, èyí tí àwọn olólùfẹ́ kósítà sunkún nígbà tí ọgbà náà kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó ga ju Phoenix lọ, ẹsẹ̀ bàtà 101. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ṣéènì ń gbé e: á gùn dé ìdajì, á yí, á tún gun ìdajì tó kù. Èyí kì í fò bíi Phoenix. Yíyí ni tirẹ̀, ó máa ń tẹ èèyàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ àga. Ẹni tó tóbi lára jù nínú ẹ̀yin méjì tí ẹ jọ jókòó kí ó jókòó sí apá ìta, kí ó má baà tẹ èkejì pa nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí po. Ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́, ó tó.

Impulse jẹ́ onírin, ilé iṣẹ́ Zierer láti Jámánì ló ṣe é, ó dé ní 2015. Á gbé yín gun òkè lóòró gangan, tí ẹ ó fi dojú kọ sánmà, á sì dojú yín délẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó dára. Àwọn ọ̀dọ́ ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ lè rí irú rẹ̀ níbòmíràn.

7. Ọ̀sán: ẹ sinmi, kí ẹ wo àwọn ohun tí kì í ṣe kósítà

Láàárín aago méjìlá sí mẹ́rin ni oòrùn mú jù, tí ìlà sì gùn jù. Ẹ kúrò lórí ìlà. Ìgbà yìí ni kí ẹ jẹun, kí ẹ sì lọ síbi Grand Carousel, tí wọ́n ti ṣe láti 1913, tó sì ní ẹṣin onígi 63 tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́. Ẹ wá ẹṣin apá ìta. Bó ṣe ń yí po, apá irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń mú òrùka jáde. Ẹ na ọwọ́ bí ẹ ṣe ń kọjá, ẹ fa ọ̀kan yọ. Irin lásán ni ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí òrùka idẹ bá bọ́ sí lọ́wọ́ á tún gùn lọ́fẹ̀ẹ́. Níbi púpọ̀ ní Amẹ́ríkà wọ́n ti pa àṣà yìí tì. Mo ti rí àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun tó na ara dé bi pé ìdajì ara rẹ̀ wà níta, tó ń fi òrùka tó mú han àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Ẹ dé Skooter náà, mọ́tò kéékèèké tí ẹ fi ń kọ lu ara yín. Àwọn mọ́tò Lusse àtijọ́ ni, wọ́n wúwo, bí ẹnìkan bá kọ lù yín ẹ ó mọ̀ pé wọ́n kọ lù yín. Lẹ́yìn náà ẹ gun Black Diamond, ọkọ̀ tó ń wọ inú òkùnkùn gba ibi tí wọ́n ti ń wa èédú. Láti ibòmíràn ni òun náà ti wá bíi Phoenix, láti New Jersey. Golden Nugget ló ń jẹ́ níbẹ̀, ibi ìwakùsà góòlù sì ni wọ́n fi ṣe. Nígbà tí àwọn Knoebels kó o wá sílé, wọ́n sọ ọ́ di ti èédú, torí èédú ni àwọn bàbá àgbègbè yìí fi jẹun. Ilé kékeré tí wọ́n kó irinṣẹ́ àwọn awakùsà sí wà nínú ọgbà náà, ẹ wọ inú rẹ̀. Àtùpà orí, ìwé owó oṣù, àwòrán àwọn ọmọdékùnrin tí wọ́n ń ṣa òkúta kúrò lára èédú: ẹ óò mọ irú àwọn tí wọ́n kọ́ ọgbà yìí fún.

Bí ẹ bá mú ọmọ kékeré lọ́wọ́, Kozmo's Kurves ni kósítà tirẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Ẹ má ṣe fi agbára mú ọmọ gun Phoenix. Ọmọ tí wọ́n fi tipátipá gbé sórí kósítà ní ọmọ ọdún mẹ́fà lè má padà síbẹ̀ mọ́ láéláé, èyí tí wọ́n jẹ́ kí ó wo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń bẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Adágún ìwẹ̀ tó ń jẹ́ Crystal Pool tún wà, tó ti wà láti 1926 tí ọgbà bẹ̀rẹ̀, fún ẹni tó bá mú aṣọ ìwẹ̀ dání.

8. Ìrọ̀lẹ́ àti alẹ́

Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, ẹ padà síbi Phoenix, kí ẹ sì má ṣe kúrò níbẹ̀ mọ́. Láti àárọ̀ ni ọkọ̀ náà ti ń sáré. Gíríìsì inú wíìlì rẹ̀ ti gbóná, ó ti rọ̀. Ẹ ó mọ̀ pé ó yára ju ti àárọ̀ lọ. Ìdílé tó ní ọmọ kékeré á ti máa lọ sílé, ìlà á sì kúrú. Nígbà mìíràn, ní wákàtí tó kẹ́yìn, ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ sì yí padà gùn ún láìdúró rárá. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ kò pọ̀, ẹ kò ní rí òkè tó ń bọ̀ kí ẹ tó dé orí rẹ̀. Àga ẹ̀yìn, lálẹ́, nínú oṣù kẹjọ: bí ẹnìkan bá ní kí n mú ìgùn kan ṣoṣo nínú gbogbo kósítà tó wà láyé, òun ni mo máa mú.

Ẹ máa kí àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọmọ ìlú náà, àwọn kan sì ti dàgbà, wọ́n ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì fẹ́ràn kí èèyàn béèrè ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ wọn. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ yára jáde kí àwọn tó kàn lè wọlé. Bí ẹ bá dá nìkan wá, tí ẹlòmíràn náà sì dá wà lórí ìlà, ẹ béèrè bóyá ẹ lè jọ jókòó, àyè kan kò ní ṣòfò. Ọ̀nà yìí ni èèyàn fi máa ń pàdé àwọn olólùfẹ́ kósítà mìíràn. Ọ̀pọ̀ wọn wà nínú ẹgbẹ́ American Coaster Enthusiasts, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, wọ́n sì máa ń kóra jọ sí Knoebels ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá fún àjọ̀dún Phoenix Phall Phunfest. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí àgbàlagbà ṣe ń yọ̀ mọ́ kósítà kí ó lọ nígbà náà, kí ó sì mú aṣọ òtútù dání, torí alẹ́ oṣù kẹwàá láàárín òkè yẹn kì í ṣe eré.

9. Ìpadàbọ̀

Ẹ má ṣe wakọ̀ padà sí Maryland lóru bí ó bá ti rẹ̀ yín. Ilẹ̀ ìpàgọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, àwọn ilé onípákó kéékèèké sì wà tí ẹ lè háyà, ṣùgbọ́n ó máa ń kún, ẹ gbà á sílẹ̀ láti ìgbà tó ti pẹ́. Ilé ìtura wà ní Danville àti Bloomsburg, àwọn ìlú méjèèjì kò jìnnà. Bí ó bá sì pọn dandan kí ẹ lọ, ẹ rọra wakọ̀ títí ẹ ó fi dé ojú títì ńlá, torí àgbọ̀nrín máa ń sọdá láàárín òru, pàápàá nínú oṣù kẹwàá. Kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ má sùn.